Omi Ni Irun Kíká Ń Mu: Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Irun Kúkurú Láti Ọjọ́ Tí A Bá Gé E

Ọjọ́ tí mo jókòó sórí àga onígbàjámọ̀ kan ní Mọ́kọ́lá, n'Íbàdàn, tí kílípà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn létí mi, mo sọ nínú ara mi pé wàhálà irun parí lónìí. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti ń fi rílásà sórí. Iwájú orí mi ti ń sá sẹ́yìn, irun ẹ̀bá etí mi méjèèjì sì ti fẹ́lẹ́ látìgbà tí wọ́n ti jẹ́ kí rílásà pẹ́ lórí mi ju bó ṣe yẹ lọ ní ṣọ́ọ̀bù kan, tí awọ ibẹ̀ bó. Mo ní kí wọ́n gé gbogbo rẹ̀ dànù. Ṣùgbọ́n nígbà tó máa fi tó oṣù méjì, irun tuntun tó hù gbẹ bíi koríko ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí mo bá jí, màá rí wẹ́wẹ́ rẹ̀ lórí ìrọ̀rí. Mo ń fi ìpara pa á láàárọ̀, mo ń fi òróró rà á lálẹ́, síbẹ̀ ńṣe ló ń le sí i.

Ìyá àgbàlagbà kan tó máa ń kó irun fún ìyá mi láyé àtijọ́ ló yanjú ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n fọwọ́ kan àtàrí mi, wọ́n fi ìka méjì ra irun náà, wọ́n wo ọ̀rá tó lẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ọ̀rá pọ̀ níbí yìí. Omi ńkọ́?"

Ìbéèrè yẹn ni mo fi ń tọ́jú irun mi títí dòní, òun náà ni mo sì fẹ́ fi la ọ̀nà yìí fún ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gé irun, tàbí tí ẹ ti ń gé e mọ́lẹ̀ tipẹ́ àmọ́ tí kò rọ̀ yín lọ́wọ́.

Ìdí tí irun wa fi ń tètè gbẹ

Ọ̀rá kan wà tí awọ orí fúnra rẹ̀ ń sun jáde. Lórí irun tó nà, ọ̀rá yẹn á yọ́ láti ìdí títí dé ṣóńṣó láìsí ohun tó dá a dúró. Tiwa ká bíi sípíríǹgì inú bírò, ọ̀rá náà kì í sì í rìn jìnnà kó tó dúró sí kọ̀rọ̀ kan. Èkejì ni pé ìpẹ́ tín-ín-tìn-ìn-tín ló bo ara fọ́nrán irun kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n tò léra wọn bíi páànù òrùlé. Níbi tí irun bá ti ṣẹ́ kọ́ńkọ́lọ́ láti yí, ìpẹ́ ibẹ̀ kì í lẹ̀ dáadáa. Ibẹ̀ ni omi ń bá jáde, ibẹ̀ náà ni irun sì ti ń já.

Òróró ò ní omi nínú rárá. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó dí ọ̀nà tí omi fẹ́ bá sá lọ. Bí ẹ bá wá fi òróró sórí irun tó ti gbẹ, ilé tó ṣófo ni ẹ tilẹ̀kùn mọ́. Ohun tí mo ṣe fún oṣù méjì gbáko nìyẹn.

Irun kúkurú ní àǹfààní tí irun gígùn kò ní nínú ọ̀rọ̀ yìí: ìdí rẹ̀ kò jìnnà sí ṣóńṣó rẹ̀, kò tíì dàgbà débi tí á fi gbó, ẹ sì lè fún un lómi lójoojúmọ́ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹni tó bá sọ pé irun gígé kò nílò ìtọ́jú kò tíì wo orí ara rẹ̀ dáadáa nínú dígí.

Gígé rẹ̀

Bó bá jẹ́ ìdí rílásà ni ẹ ti ń bọ̀, ẹ mọ̀ pé kò sí òróró tó lè dá irun tó ti jẹ rílásà padà. Agbára rílásà pọ̀, pH rẹ̀, ìyẹn òṣùwọ̀n tí a fi ń mọ̀ bóyá nǹkan ń kan bíi fínígà tàbí ó le bí omi eérú, máa ń lé ní 12, ó sì ti já okùn inú irun tó mú un ká. Tuntun tó ń hù láti abẹ́ nìkan ló máa ká. Nǹkan bíi sẹ̀ńtímítà kan, tàbí kó dín díẹ̀, ni irun wa máa ń hù lóṣù. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, ẹ ó ti ní bíi mẹ́ta sí mẹ́rin bí ẹ bá fà á nà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi í sílẹ̀, á ká kò, á dà bíi pé kò tó ìdajì ìyẹn. Ẹ má bínú sí i. Ó wà níbẹ̀.

Àwọn kan máa ń fi í sílẹ̀ fún ọdún kan, wọ́n á máa gé ṣóńṣó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ṣeé ṣe, àmọ́ ojú ibi tí tuntun ti pàdé àtijọ́ kì í lágbára, ibẹ̀ ló ti máa ń já lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ yà á. Èmi fara mọ́ kí a gé e lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ rin irun náà gbingbin kí ẹ tó fi àlùmọ́gàjí kàn án. Nígbà tó bá tutù ni òtítọ́ rẹ̀ máa ń hàn: tuntun á ká kò, ti rílásà á sì nà tọ̀ọ̀ bí òwú. Ibi tí kíká ti parí gan-an ni kí ẹ gé. Lẹ́yìn náà, ẹ lè lọ bá onígbàjámọ̀ kó bá yín tún un ṣe kó dọ́gba.

Bó bá jẹ́ kílípà ni wọ́n máa lò, ẹ béèrè nọ́ńbà òòyà kékeré tí wọ́n ń fi sẹ́nu rẹ̀. Nọ́ńbà 1 máa ń fi nǹkan bíi mìlímítà 3 sílẹ̀, nọ́ńbà 2 á fi 6, nọ́ńbà 4 á fi nǹkan bí 13. Ẹni tó bá fẹ́ kí kíká irun rẹ̀ hàn, kó má lọ sísàlẹ̀ nọ́ńbà 4. Bí agbára yín bá ká a, ẹ ra kílípà tiyín. Bí kò bá ká a, kí wọ́n fi sípíríìtì nu irin rẹ̀ lójú yín kó tó kan orí yín. Làpálàpá máa ń ti orí ẹnìkan bọ́ sórí ẹlòmíràn lára irin kan náà. Ohun kan tún wà tí mi ò fẹ́ gbójú fò: kí wọ́n má fi abẹ fá ẹ̀yìn ọrùn yín kodoro. Irun kíká tí wọ́n bá fá mọ́lẹ̀ jù máa ń yí padà wọnú awọ, ó sì ń di kókó ní ìpàkọ́. Bí kókó yẹn bá pẹ́, kì í fẹ́ lọ mọ́.

Ẹ mọ irú èyí tó wà lórí yín

Ẹ ó gbọ́ tí àwọn èèyàn ń sọ pé irun àwọn jẹ́ 4B tàbí 4C. Andre Walker, ará Amẹ́ríkà tó ṣe irun fún Oprah Winfrey fún ọ̀pọ̀ ọdún, ló dá ètò nọ́ńbà yẹn sílẹ̀, àwọn mìíràn ló wá fi 4C kún un lẹ́yìn náà. Bí irun ṣe ká ló ń sọ, kò sọ bó ṣe ń gba omi. Èyí tó máa wúlò fún yín lójoojúmọ́ ni ti omi.

Ẹ fín omi sórí irun tó mọ́, tí kò sí ìpara kankan lára rẹ̀, kí ẹ wò ó nínú dígí. Bí omi náà bá ṣù róbótó-róbótó bí omi orí ewé kókò, irun yín kì í tètè gba omi. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti sùúrù ni yóò ṣí i, òróró fúyẹ́fúyẹ́ ló sì máa bá a lára mu. Bó bá mu ún kíá, tó sì tún ti gbẹ kí ẹ tó múra tán, ó mọ omi í gbà, kò mọ̀ ọ́n tọ́jú. Òun ló nílò òrí jù lọ. Àwọn kan máa ń ju fọ́nrán kan sínú ife omi láti wò ó bóyá yóò rì. Mi ò gbẹ́kẹ̀ lé ìyẹn, torí ọ̀rá díẹ̀ báyìí lára rẹ̀ tó láti mú un léfòó.

Ẹ tún fa fọ́nrán kan tó tutù nà jẹ́jẹ́. Bó bá nà tó sì padà, ara rẹ̀ yá. Bó bá já pẹ́ẹ́ láìnà rárá, ó gbẹ. Bó bá ń nà ṣáá bíi rọ́bà tó ti gbó tí kò sì padà, okùn inú rẹ̀ ti rọ̀ jù. Ẹ sinmi kíkùn ún láwọ̀ lóríṣiríṣi, kí ẹ wá kọ̀ńdíṣọ́nà (ìpara tí a ń fi sírun lẹ́yìn fífọ̀ kó lè rọ̀) tí wọ́n fi purotéènì sí, lẹ́ẹ̀kan lóṣù ti tó.

Fífọ̀

Ọjọ́ méje sí mẹ́wàá ni mo fi ń fọ tèmi lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó ń ṣe eré ìdárayá tàbí tó ń fi ojoojúmọ́ rìn nínú oòrùn ọjà lè fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ẹ̀rù máa ń ba ọ̀pọ̀ obìnrin láti fọrun nítorí wọ́n gbọ́ pé fífọ̀ ló ń gbẹ ẹ́. Ọṣẹ tó le ló ń gbẹ ẹ́, kì í ṣe omi.

Lálẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ ìfọrun, ẹ fi òróró àgbọn ra irun náà láti ìdí dé ṣóńṣó. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2003 fi òróró àgbọn wé òróró sunflower àti èyí tí wọ́n ń fọ̀ jáde láti inú epo rọ̀bì. Òróró àgbọn nìkan ló dín purotéènì tó ń bá omi lọ kúrò lára irun kù, nítorí òun máa ń wọnú fọ́nrán irun lọ, àwọn yòókù ń dúró lórí. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo gbà kí òróró ṣáájú omi nìyí.

Ọṣẹ dúdú wá ńkọ́? Mo fẹ́ràn rẹ̀, òun ni mo ṣì ń lò, ṣùgbọ́n ó yẹ ká mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Eérú ni, eérú èèpo kòkó tàbí ti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, pẹ̀lú àdín tàbí epo pupa. Omi eérú ló ń sọ ọ̀rá di ọṣẹ, òun náà ló ń mú kí ọṣẹ náà le lára irun. pH rẹ̀ máa ń wà ní nǹkan bíi 9 sí 10, nígbà tó jẹ́ pé irun fẹ́ ohun tó kan díẹ̀, bíi 4.5 sí 5.5. Bí ẹ bá mú ọṣẹ dúdú lódindi tí ẹ fi ń gbo orí, àwọn ìpẹ́ ara irun á ṣí, wọn ò sì ní padà bọ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tí irun fi máa ń dún ṣìn-ìn-ṣìn-ìn lọ́wọ́ bí abọ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ìró yẹn kì í ṣe ìró ìmọ́tótó. Gbígbẹ ni.

Bí mo ṣe ń ṣe é rèé. Mo máa ń gé ọṣẹ dúdú tó tó orí àtàǹpàkò, màá rẹ ẹ́ sínú ife omi gbígbóná kan títí á fi yọ́, màá fi asẹ́ sẹ́ ẹ, kí pàǹtírí eérú má baà ha awọ orí. Nígbà tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, màá dà á sórí irun tó ti tutù, màá fi ìtẹ̀lẹ̀ ìka gbo awọ orí, kì í ṣe èékánná. Irun kúkurú kò nílò kí a máa fún un bí aṣọ. Ìfófòó ọṣẹ tó ń ṣàn kọjá lára rẹ̀ ti tó. Màá ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, títí omi tó ń kán sílẹ̀ á fi mọ́ gaara.

Bí omi kànga tàbí ti bọ́hóòlù àdúgbò yín bá le, tí ọṣẹ kì í hó nínú rẹ̀, ọṣẹ dúdú á fi nǹkan funfun kan sílẹ̀ lára irun, ẹ ó sì rò pé ìpẹ́pẹ́ orí ni. Omi òjò dára níbẹ̀ gan-an. Ẹ jẹ́ kí òjò kọ́kọ́ fọ eruku páànù lọ kí ẹ tó gbé garawa síta.

Lẹ́yìn ọṣẹ dúdú, ohun kíkan díẹ̀ ló ń pa ìpẹ́ irun dé. Ẹ bu fínígà ṣíbí ìjẹun kan sínú ife omi méjì, ẹ dà á sí i, ẹ kà tó ọgọ́ta, ẹ ṣàn án. Ẹ dákun, ẹ má fi ọsàn wẹ́wẹ́ rọ́pò rẹ̀. Bí omi ọsàn wẹ́wẹ́ bá ṣàn kan iwájú orí tàbí ọrùn, tí oòrùn sì pa ibẹ̀, awọ á jóná, á sì dúdú fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Mo ti rí i lọ́rùn ọmọdébìnrin kan, bíi pé omi gbígbóná ló dà sí i.

Ẹni tó bá ń lo ṣáḿpù ilé ìtajà, kó wá èyí tí kò le, kó sì fo ti fínígà yẹn. Kọ̀ńdíṣọ́nà kàn jẹ́ dandan fún tọ̀tún tòsì: ìwọ̀n ṣíbí méjì tó irun kúkurú, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá pẹ̀lú láílọ́ọ̀nù tín-ín-rín lórí kí ìmóoru lè bá a ṣiṣẹ́. Àsìkò yẹn ni kí ẹ fi ìka tú ibi tó bá lọ́, láti ṣóńṣó wá sí ìdí. Òòyà tí eyín rẹ̀ jìnnà síra ni kó tẹ̀lé e. Òòyà kì í kan irun gbígbẹ lórí tèmi.

Omi ṣáájú, ọ̀rá tẹ̀lé e

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sáré. Ẹ má fi táwẹ̀lì gbo irun náà gbẹ. Ẹ fi ẹ̀wù olówùú tó ti gbó tẹ̀ ẹ́ kí omi má kán sílẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n kó ṣì tutù lọ́wọ́. Ẹ fi ìpara olómi díẹ̀ sí i bí ẹ bá ní, èyí tí omi jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ sára ike rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni òrí.

Òrí gidi, èyí tí wọ́n ń gbé wá láti ọ̀nà Òkè-Ògùn àti Kwara níbi tí igi ẹ̀mí ti ń hù, máa ń yọ́ nínú ooru ọwọ́ fúnra rẹ̀. Ẹ bu èyí tó tó hóró ẹ̀wà méjì. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pa á títí kò fi sí kókó kankan nínú rẹ̀ mọ́, tí ọwọ́ yín á kàn máa dán. Ẹ wá fi ọwọ́ yẹn tẹ irun, ẹ tẹ̀ ẹ́ láti ẹ̀gbẹ́, láti ẹ̀yìn, ẹ má fà á. Bí ọwọ́ yín bá ṣì ń dán lẹ́yìn tí ẹ parí, ó pọ̀ jù. Bí òrí bá ṣù kókó-kókó lórí irun, ẹ kò pa á dáadáa lọ́wọ́ nìyẹn.

Àdín náà dára, òórùn rẹ̀ ni kò bá gbogbo èèyàn lára mu. Ìyá mi máa ń pò ó mọ́ òrí, irun wọn sì dúdú títí wọ́n fi dàgbà.

Ṣíṣe é lóge

Ẹni tí irun rẹ̀ ò tíì tó sẹ̀ńtímítà márùn-ún lè fi ìka yí i. Ẹ mú díẹ̀ tó nípọn tó bírò, ẹ yí i mọ́ ìka ìfábẹ̀lá láti ìdí dé ṣóńṣó, ẹ fi í sílẹ̀. Apá kan náà ni kí gbogbo rẹ̀ kọjú sí. Tí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́, àní bó ti wù kó rí lójú yín. Bí ẹ bá fọwọ́ kàn án kó tó gbẹ tán, á tú yẹrẹyẹrẹ. Fóòmù oníhò tí wọ́n ń tà fún irun náà ń ṣe irú iṣẹ́ yìí kíákíá: ẹ máa yí i lórí irun tútù bí ẹni ń fi ọwọ́ nu tábìlì, ọ̀nà kan náà, fún ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ohun tó máa mú kíká náà dúró ni jẹ́ẹ̀lì, ilá sì ni jẹ́ẹ̀lì tó dára jù tí mo mọ̀. Yíyọ̀ tó mú kí ọbẹ̀ ilá fà náà ló ń bo irun, tó ń kó o jọ, tó sì ń jẹ́ kó dán. Ẹ gé ilá tútù mẹ́jọ wẹ́wẹ́, ẹ dà á sínú ife omi méjì, ẹ sè é lórí iná kékeré fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ máa rò ó. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ nígbà tó bá ń fà tẹ̀lé ṣíbí. Ẹ dà á sórí aṣọ funfun tín-ín-rín kó tó tutù, ẹ fún un, nítorí bó bá tutù tán, ẹ ó fún un títí ni. Ẹ má fi káún sí i o! Ẹni tó ti mọ́ lára láti máa fi káún se ilá lè gbàgbé, káún á sì tún ṣí irun sílẹ̀ bíi ti ọṣẹ dúdú. Jẹ́ẹ̀lì ilá náà kò ní lò ju ọjọ́ márùn-ún lọ nínú fíríìjì. Bí òórùn rẹ̀ bá ti yí, ẹ dà á nù.

Ní ti irun kíkó, ọ̀rọ̀ pọ̀ níbẹ̀, torí òun ni ọ̀nà tí àwọn ìyá wa fi ń na irun láìlo iná. J. D. 'Okhai Ojeikere, ayafọ́tò ọmọ Nàìjíríà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya fọ́tò irun àwọn obìnrin ní 1968, fi àwòrán tó tó ẹgbẹ̀rún kan sílẹ̀. Ẹ wo onílé gogoro níbẹ̀, bí òwú ṣe gbé irun dúró bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Irun kúkurú ò ní lè ṣe onílé gogoro, ṣùgbọ́n òwú kan náà á nà án.

Irun náà ní láti tó sẹ̀ńtímítà márùn-ún bí ẹ bá fà á. Kó rin díẹ̀ báyìí, kó má tutù gbingbin, nítorí irun tó tutù jù kò ní gbẹ títí di òwúrọ̀. Ẹ fi ìlàrí là á sí méjìlá tàbí mẹ́rìndínlógún. Òwú dúdú ni kí ẹ lò, kì í ṣe rọ́bà. Rọ́bà máa ń gé irun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Ẹ ṣẹ́ òwú náà po sí méjì, ẹ gbé e sí ìdí irun, ẹ yí i lẹ́ẹ̀mẹta kó lè di ibẹ̀ mú. Ẹ wò ó: bí awọ orí bá gbé sókè, tó rí bí ara adìẹ tí a tu, ó ti le jù, ẹ tú u. Láti ibẹ̀ ẹ máa yí òwú náà lọ sókè, ẹ jẹ́ kí irun máa yọjú láàárín òwú kan sí èkejì. Bí ẹ bá dé ṣóńṣó, ẹ ká a padà díẹ̀, ẹ ta á ní kókó. Láàárọ̀, ṣóńṣó ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú u, ẹ má fi abẹ gé òwú lórí. Irun tó jáde níbẹ̀ á gùn ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo tú tèmi, mo fọwọ́ kan ẹ̀yìn ọrùn mi, mo rí i pé irun ti débẹ̀, omijé bọ́ lójú mi.

Ẹni tó bá fẹ́ di í ní pàtẹ́wọ́ tàbí ṣùkú kékeré lè ṣe é, kó má ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ lórí. Bí iwájú orí bá ń ro yín lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n dì í, tàbí tí róró kéékèèké yọ sí ẹ̀bá irun, ẹ má dúró kó "rọ̀". Ẹ tú u lálẹ́ ọjọ́ náà. Fífà yẹn, bó bá ń ṣẹlẹ̀ léraléra, ló ń pá àwọn obìnrin lórí níwájú, orí tó bá sì ti dán bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀ kì í hu irun mọ́. Fún àwọn ọmọdébìnrin, ẹ ṣàánú wọn. Ọmọ tó ń sunkún lẹ́sẹ̀ onídìrí ń sọ òótọ́ fún yín.

Alẹ́, àárọ̀, gèlè àti ọyẹ́

Aṣọ ìrọ̀rí olówùú máa ń fa omi irun mu ní gbogbo òru, ó sì ń họ ọ́. Sátínì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ fi sátínì wérí tàbí kí ẹ rán an mọ́ ìrọ̀rí. Ọ̀pá kan lọ́dọ̀ àwọn aláṣọ ti tó.

Láàárọ̀, ẹ fín omi sí irun títí ẹ ó fi rí i pé ó padà ká, ẹ fún un jẹ́jẹ́ lábẹ́ ọwọ́, ẹ fi òróró ẹ̀kán méjì tẹ̀ ẹ́. Ó tán. Gbogbo ọjọ́ kọ́ ni òrí ń kàn.

Kí irun gbẹ kí ẹ tó wé gèlè tàbí kí ẹ tó wọ híjáàbù. Irun tútù lábẹ́ aṣọ látàárọ̀ dalẹ́ máa ń rùn, awọ orí á sì máa yún. Ẹ fi sátínì ṣe abẹ́ rẹ̀, nítorí gèlè tó le máa ń gé irun ẹ̀bá etí bí ayùn.

Nígbà ọyẹ́, láti bíi oṣù kọkànlá títí wọ oṣù kejì, bí ẹ bá máa ń fi gílísírìn sínú omi tí ẹ ń fín sírun, ẹ yọ ọ́ kúrò. Ó máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́ wá sára irun nígbà òjò, ṣùgbọ́n nígbà tí afẹ́fẹ́ ò lómi, inú irun ló ti ń fà á. Àsìkò yẹn gan-an ni òrí ń níyì: ẹ lò ó lójoojúmọ́, ẹ sì borí yín kí ẹ tó bọ́ síta.

Ohun tí òróró kò lè wò

Kí fọ́nrán irun àádọ́ta sí ọgọ́rùn-ún já bọ́ lójúmọ́ kì í ṣe àìsàn. Obìnrin tó bímọ lè rí i pé irun ń bọ́ wàràwàrà ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìbímọ. Ó máa ń padà hù fúnra rẹ̀ kí ọmọ tó pé ọdún kan. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta oògùn fún yín nítorí ìyẹn.

Bí orí ọmọ bá pá róbótó-róbótó, tó ń ṣe ìpẹ́, tí irun ibẹ̀ ṣẹ́ kù bí àmì dúdú, làpálàpá ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ìpara tí a ń fi pa á lásán kì í dé ìdí rẹ̀. Oògùn jíjẹ tí dókítà bá kọ ló ń wò ó, ẹ sì ní láti wo orí àwọn ọmọ yòókù nínú ilé, kí ẹ fi omi gbígbóná fọ òòyà gbogbo wọn.

Èyí tó ń bà mí nínú jẹ́ jù lọ ni pípá tó ń ti àárín àtàrí bẹ̀rẹ̀. Ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú yíyún tàbí títa díẹ̀, ibẹ̀ á fẹ́lẹ́, á sì máa gbòòrò lọ síta bí omi tí a ju òkò sí. Bó bá ti di àpá, irun ò lè gba ibẹ̀ hù mọ́, ṣùgbọ́n bí ẹ bá tètè dé ọ̀dọ̀ dókítà awọ, ó lè dá a dúró. Irun kúkurú jẹ́ kó rọrùn láti rí i. Ẹ ní kí ẹnìkan bá yín ya àwòrán àtàrí yín lóṣooṣù, níbi ìmọ́lẹ̀ kan náà, nígbà tí irun bá tutù. Bí ẹ bá wá dé ọ̀dọ̀ dókítà, àwòrán yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ fi hàn án, kí ẹ sì sọ gbogbo ohun tí ẹ ti fi sórí fún un, títí kan àgbo àti èyí tí ojú lè máa tì yín láti dárúkọ.